Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ Ẹ́ŃJÌNNÌ DÍSẸ́Ẹ̀LÌ TÍ Ń FI IMÚ ARA RẸ̀ MÍ

Fún ìlò àwọn tí ń tọ́jú ọkọ̀ ilé ìwòsàn, ọkọ̀ oko àti ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ó mọ ọkọ̀ gíga nì tí a ń pè ní Land Cruiser, èyí tí í máa gbé aboyún àti aláìsàn láti abúlé wá sí ilé ìwòsàn ní ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ kékeré kò lè gbà. Ẹ mọ ohùn rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí kí ó tó yọ ní ìsàlẹ̀ òkè ni àwọn ọmọdé ti ń pariwo pé ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni àwọn tí ó mọ ohun tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àti nítorí àìmọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń dúró sí ojú ọ̀nà ní ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ jùlọ. Ẹ̀kọ́ wa yìí dá lórí ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà, èyí tí àwọn tí ó ṣe é ní ilẹ̀ Jàpáànì sọ ní 1HZ. A yàn án nítorí pé ó wọ́pọ̀, nítorí pé kò gbára lé kọ̀ǹpútà láti jó epo rẹ̀, àti nítorí pé ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n dáradára yóò mọ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ọdún 1951 ni àwọn ará ilé iṣẹ́ Toyota ṣe ọkọ̀ tí ó jẹ́ bàbá gbogbo wọn. Ọkọ̀ náà sì gun òkè Fuji dé ibùdó kẹfà. Ní ọdún 1954 ni a fún un ní orúkọ náà Land Cruiser. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì onísílíńdà mẹ́fà tí a ń pè ní H jáde ní ọdún 1972, 2H tẹ̀lé e ní ọdún 1980, nígbà tí ó sì di ọdún 1990 ni 1HZ yìí dé. Ní ilẹ̀ Ọsirélíà a dẹ́kun títa á nínú ọkọ̀ tuntun ní ọdún 2007, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Áfíríkà ó pẹ́ sí i gidigidi lọ́wọ́ àwọn ilé ìwòsàn àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú.

BÍ INÁ ṢE Ń RÀN LÁÌSÍ ÌṢÁNÁ

Ọkùnrin ará Jámánì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rudolf Diesel, ẹni tí a bí ní ìlú Paris ní ọdún 1858, ni ó ronú irú ẹ́ńjìnnì yìí. Ní ọdún 1893 ni a fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1897 kí ó tó fi ọ̀kan tí ó ṣiṣẹ́ pátápátá han àwọn ènìyàn ní ìlú Augsburg. Agbára ẹṣin 20 péré ni ó ní. Síbẹ̀ ẹnu ya àwọn ọ̀mọ̀wé, nítorí pé ó sọ bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ó wà nínú epo di iṣẹ́, èyí tí àwọn ẹ́ńjìnnì onínyà omi gbígbóná ìgbà náà kò lè súnmọ́. Diesel fúnra rẹ̀ kò jẹ oore iṣẹ́ yìí pẹ́. Ní ọdún 1913 ó wọ ọkọ̀ ojú omi kan tí ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a wá a tì nínú ọkọ̀.

Kí ni ó wá ń tan iná nínú ẹ́ńjìnnì yìí? Kì í ṣe púlọ́ọ̀gì tí ń ta iná bí ti ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ni. Èmi a máa fi pọ́ọ̀ǹpù kẹ̀kẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀rọ̀ yìí. Fi àtàǹpàkò dí ẹnu pọ́ọ̀ǹpù náà, kí o sì máa tì í wọlé kíákíá pẹ̀lú agbára: láìpẹ́ ìdí rẹ̀ yóò gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ yóò fi fẹ́ mú ọwọ́ kúrò. Kò sí ẹni tí ó dáná sí i. Ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ ni ó mú ooru wá.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nínú sílíńdà, àfi pé tirẹ̀ ju ti pọ́ọ̀ǹpù lọ jìnnà. Sílíńdà mẹ́fà ni 1HZ ní, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lórí ìlà. Fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 94, písítìnì inú rẹ̀ sì ń rìn mìlímítà 100 lọ sókè àti wá sísàlẹ̀. Àpapọ̀ àyè inú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lé díẹ̀ ní lítà mẹ́rin. Písítìnì fa afẹ́fẹ́ lásán wọlé, fáàfù pa dé, písítìnì sì tì í padà sókè títí ohun tí ó gba àyè ago 22 yóò fi há sínú àyè ago kan. Nígbà náà ooru afẹ́fẹ́ yìí ti kọjá 500 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni epo dísẹ́ẹ̀lì kò nílò ju bí ìdajì ìyẹn lọ kí ó tó gbiná fúnra rẹ̀. Pọ́ọ̀ǹpù epo wá fi agbára tì ín gba ẹnu nọ́sù, ó tú jáde bí ìrì, iná sì ràn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nínú 1HZ, epo náà kì í bọ́ sí orí písítìnì tààrà. Yàrá kékeré kan wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè sílíńdà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń yí bí ìjì. Ibẹ̀ ni iná ti kọ́kọ́ ń ràn, lẹ́yìn náà ni ó ya jáde láti ti písítìnì. Nítorí èyí ni ohùn rẹ̀ fi rọ̀ ju ti àwọn mìíràn lọ, ṣùgbọ́n ó ń jẹ epo díẹ̀ sí i, nítorí pé ògiri yàrá náà ń gba nínú ooru rẹ̀. Ògiri kan náà yìí ni kì í jẹ́ kí ó fẹ́ jí ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Láti ràn án lọ́wọ́ ni a fi púlọ́ọ̀gì agbóná sínú yàrá kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà ní iye. Bí o bá yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, iná kékeré kan yóò tàn ní iwájú rẹ. Dúró kí ó kú kí o tó yí i síwájú. Àwọn awakọ̀ wa kì í fẹ́ dúró. Wọn a fi agbára yí i lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, títí bátìrì yóò fi rẹ̀, wọn a sì pe àwọn ọmọ kékeré wá tì í, nígbà tí sùúrù ìṣẹ́jú kan kò bá ti jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

IMÚ ARA RẸ̀ ÀTI ẸWÌRÌ

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dúró ní ilé arọ rí ẹ wo bí ọmọ alágbẹ̀dẹ ti ń fín ẹwìrì. Èédú tí a kò fín ń jó jẹ́jẹ́. Bí a bá fín in, ojú iná di funfun, irin sì rọ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Èyí tí a ń kọ́ nípa rẹ̀ yìí kò ní ẹwìrì: ohun tí písítìnì bá fà wọlé ni ó rí jó. Àwọn mìíràn ní ẹwìrì tí a ń pè ní tọ́bò, èyí tí èéfín tí ń jáde ń yí, tí òun náà sì ń fi tipátipá gbá afẹ́fẹ́ wọ inú sílíńdà. Arákùnrin 1HZ tí ó jáde ní ọdún kan náà, 1HD-T, ní tọ́bò. Títóbi àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n agbára ẹṣin èkíní kò ju bí 130 lọ, nígbà tí ti èkejì lé ní 160.

Ǹjẹ́ èyí tí kò ní ẹwìrì kò ha burú bí? Ìdáhùn mi ni pé iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe ni a ó fi dá a lẹ́jọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ sáré láti Ìbàdàn lọ sí Èkó kí ó lọ wá òmíràn, nítorí pé 1HZ lọ́ra, bí ó bá sì gbé ẹrù tí ó ń gun òkè, àwọn ọkọ̀ tí a kò kà sí yóò kọjá lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára ìfà rẹ̀ ń dé òkè téńté nígbà tí ó bá ń yípo bí 2,200 nínú ìṣẹ́jú kan, èyí tí kò tíì di eré. Nínú ẹrẹ̀ ìgbà òjò, irú agbára tí ń dé nígbà tí ọkọ̀ ń rìn jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a ń fẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn àgbà ni ó wí bẹ́ẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun kan sí i. Ẹni tí ń fi imú ara rẹ̀ mí, bí afẹ́fẹ́ bá fúyẹ́, yóò rẹ̀ ẹ́. Ní gbogbo mítà 1,000 tí a bá gùn kúrò létí òkun, irú ẹ́ńjìnnì yìí ń pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀. Nítorí náà awakọ̀ tí ó bá kúrò ní Èkó tí ó dé Jos, níbi tí ilẹ̀ ti ga ju mítà 1,200 lọ, kí ó má ṣe sọ pé a ti ta epo búburú fún òun lójú ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ ni ó dín kù. Kí ó lo jíà tí ó wà ní ìsàlẹ̀, kí ó sì fúyẹ́ lẹ́sẹ̀.

Àwọn mẹ́káníìkì kan ń bẹ tí wọn yóò sọ fún ọ pé àwọn lè de tọ́bò mọ́ 1HZ. Òótọ́ ni, a lè dè é. Ṣùgbọ́n a kò ṣe písítìnì àti orí ẹ́ńjìnnì náà fún ooru tí yóò wá pẹ̀lú rẹ̀, bí a bá sì ṣí epo sílẹ̀ fún un láìní ìwọ̀n, yóò sáré dáradára fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni orí rẹ̀ yóò sán. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn kọ́ ni a fi ń dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò.

OMI NÍNÚ EPO

Bí a bá bi mí pé kí ni ọ̀tá tí ó tóbi jùlọ fún ẹ́ńjìnnì yìí, èmi yóò dáhùn pé omi ni, kì í sì í ṣe omi odò bí kò ṣe èyí tí ó fara pamọ́ sínú epo. Pọ́ọ̀ǹpù epo àti nọ́sù kò ní ọ̀rá mìíràn tí ń fi pa ara wọn ju epo dísẹ́ẹ̀lì tí ń gba inú wọn kọjá lọ. Àlàfo àárín irin wọn kéré ju ìbú irun orí lọ jìnnà. Bí omi bá wọ ibẹ̀, ó di ìpẹtà. Bí ó bá ṣe pé bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì ni oníjìbìtì fi lú epo náà, irin yóò máa ha irin gbígbẹ. Owó tí a ó fi tún pọ́ọ̀ǹpù kan ṣe lè tó owó epo ọ̀pọ̀ oṣù.

Láti inú dúrọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ omi yìí ti ń wá. Dúrọ́ọ̀mù tí a gbé nàró síta, òjò a rọ̀ sí orí rẹ̀. Ní ọ̀sán ó gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń tú jáde. Ní òru ó tutù, ó sì ń fa omi orí rẹ̀ wọlé gba ẹnu ìdérí. Nítorí náà ẹ dá a dùbúlẹ̀ lábẹ́ ibòòji, kí ìdérí rẹ̀ méjèèjì sì wà ní ọ̀kánkán ara wọn, ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ gbé e nàró kí ó sinmi di ọjọ́ kejì, nítorí pé omi wúwo ju epo lọ, yóò sì lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnu páìpù ìfàpo kan ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù. Ẹ fi ìwọ̀n bí ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ tí ó nípọn sẹ́ epo náà. Irú Land Cruiser tí a ń pè ní Troop Carrier a máa ní táǹkì méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba bí lítà 90. Ẹni tí ó bá ra epo búburú, kí ó má ṣe bù ú sí méjèèjì.

Lórí ọkọ̀ náà, ago kan wà ní ọ̀nà epo tí omi ń rọ̀ sí. Bí ó bá fẹ́ kún, iná kan yóò tàn ní iwájú awakọ̀. Mo ti rí ọkọ̀ kan tí awakọ̀ rẹ̀ lẹ bébà dúdú mọ́ iná yìí, ó ní ó ń dí òun lójú ní òru. Ìdè kékeré ìsàlẹ̀ ago náà ni a ó tú, kí omi ṣàn jáde títí epo tí ó mọ́ yóò fi tẹ̀lé e, kí a sì dè é padà; ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè ṣe é. Bí epo bá ti tán pátápátá nínú táǹkì tí afẹ́fẹ́ sì ti wọ inú páìpù, ẹ má ṣe fi bátìrì jagun. Ọwọ́ ìfín kan wà lórí fílítà epo: ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi le lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́.

Nípa omi odò, ọ̀pọ̀ ń gbéra ga pé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tí omi lè pa, nítorí náà ó lè la odò já. Bẹ́ẹ̀ ni, bí omi kò bá dé ibi tí ó ń gba mí. Bí ó bá dé ibẹ̀, písítìnì yóò fa omi wọlé dípò afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ ṣe é fún pọ̀, omi kò ṣe é fún pọ̀. Ọ̀pá tí ó so mọ́ písítìnì ni yóò tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn wọ inú odò náà pẹ̀lú ọ̀pá ní ọwọ́. Bí ẹsẹ̀ kò bá lè dúró nítorí ìṣàn omi, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ rárá. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì kú nínú omi, a kò gbọdọ̀ tún un jí níbẹ̀. Ẹ wọ́ ọ jáde, kí mẹ́káníìkì tú àwọn nọ́sù, kí omi lè jáde.

Eruku ọyẹ́ kò yára pa á bí omi, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ikán. Ẹ gbọn fílítà afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì fẹ́ ẹ láti inú wá sí òde, kì í ṣe láti òde wọ inú. Epo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń tètè dúdú. Àwọ̀ yìí kò tó ohun ìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n ní ojú ọ̀nà eléruku ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú fílítà rẹ̀ ní gbogbo kìlómítà 5,000.

Ẹni tí ó bá mọ èéfín kà yóò mọ àìsàn ọkọ̀ kí ó tó tú ìdè kan. Èéfín dúdú ń sọ pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ: wo fílítà afẹ́fẹ́ àti nọ́sù, tàbí kí o dín ẹrù kù. Èéfín aláwọ̀ aró ń sọ pé epo ẹ́ńjìnnì ń jó. Funfun ní òwúrọ̀ tí ó sì lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, púlọ́ọ̀gì agbóná kan ti kú. Funfun tí kò lọ, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín kù, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì ní ọjọ́ náà.

BẸ́LÍÌTÌ

Bẹ́líìtì rọ́bà eléyín kan wà ní iwájú ẹ́ńjìnnì náà, lábẹ́ ìdérí, tí ojú kò lè rí. Òun ni ó ń yí ọ̀pá tí ń ṣí fáàfù, òun kan náà ni ó sì ń yí pọ́ọ̀ǹpù epo. Ní kìlómítà 100,000, iná tí a kọ T-BELT sí yóò tàn nínú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ yìí, láti sọ pé àkókò pípààrọ̀ rẹ̀ tó. Bẹ́líìtì tí ó ti gbó kì í dún, kì í gbọ̀n, kì í jò. Ní ọjọ́ tí ó bá já, ẹ́ńjìnnì yóò kú lójijì, písítìnì yóò sì lu àwọn fáàfù tí ó ṣí sílẹ̀, yóò tẹ̀ wọ́n. Ẹni tí ó bá ra tòkunbọ̀, kí ó má ṣe gba iye kìlómítà tí ó rí nínú rẹ̀ gbọ́, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn lè dá a padà. Kí ó pààrọ̀ bẹ́líìtì náà ní ọ̀sẹ̀ tí ó rà á, kí ó sì kọ ọjọ́ àti iye kìlómítà sí ara ìdérí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà.

FÚN ÌLERA ẸNI TÍ Ń TỌ́JÚ RẸ̀

Ẹ má ṣe fi ìka wá ibi tí epo ti ń jò lára nọ́sù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Agbára tí ó ń ti epo náà ju ìlọ́po 100 agbára afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká lọ. Ó lè gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́, ojú ibẹ̀ yóò sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi ní kà á sí, nígbà tí ẹran abẹ́ rẹ̀ ń kú lọ. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí náà gan-an, bí kò tilẹ̀ tíì dùn ún. Páálí kékeré ni kí ẹ fi wá a.

Ẹ má ṣe jí ẹ́ńjìnnì nínú ilé tí a tì pa. Ní ọdún 2012 ni àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń ṣiṣẹ́ lórí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka èéfín dísẹ́ẹ̀lì mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé ó ń fa àrùn náà.

Ohun tí ó kù ni àṣà fífi ẹnu fa epo láti inú táǹkì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́káníìkì ń ṣe é lójoojúmọ́, wọ́n sì ń fi rẹ́rìn-ín. Epo tí ó bá gba ọ̀nà ọ̀fun tí kò tọ́ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìba díẹ̀ péré, lè mú kí ẹ̀dọ̀fóró wú, kí èémí sì há láàárín wákàtí díẹ̀. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe fún ọmọ náà ní epo pupa mu, ẹ má sì ṣe fi ìka sí i lọ́fun kí ó lè bì, nítorí pé bí ó ti ń bì í padà ni yóò tún fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ bọ́ aṣọ tí epo ti ta sí kúrò lára rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó jókòó gbọọrọ, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, bí kò tilẹ̀ wúkọ́ mọ́. Pọ́ọ̀ǹpù ìfàpo tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ kò wọ́n ní ọjà. Kí olúkúlùkù tí ó ní ọkọ̀ ra ọ̀kan, kí ó sì fi sí abẹ́ ìjókòó rẹ̀.